Kí Ajá Ilé Lè Mọ Ìyàwó: Sẹ́ẹ̀lì Àjẹsára àti Àwọn Tó Gba Ẹ̀dọ̀ Tuntun

  

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà pé ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì àjẹsára fún àwọn tó ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sọ, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Àbúrò, mélòó làwọn tó ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ní gbogbo Òṣun tí ẹ fi ń pe ìlú jọ?" Wọn ò pọ̀, òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ pátápátá lọ́dọ̀ wa, tó sì rówó, Índíà ló sábà máa ń gbà lọ. Ẹni tí kò rówó, ẹ mọ ibi tí tirẹ̀ ń parí sí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn ará ìlú òyìnbó. Ìwòsàn tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ohun tó ń wá ni bí ẹni tó gba ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ṣe lè gbé oògùn ojoojúmọ́ sílẹ̀ láìsí ewu. Ta ni irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí jù? Ṣé ẹni tí ilé oògùn wà ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, tí ìjọba ń bá san owó ẹ̀, ni, àbí ẹni tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tó ń ti ibẹ̀ pe Èkó lórí fóònù láti béèrè bóyá oògùn ti dé?

Ẹ jẹ́ kí á ti ara ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló wà, kò sí ẹ̀yà inú ara tó tóbi tó o. Òun ló ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ṣe omi òróòro, òun ló ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa. Ó tún ní ìwà kan tí ọkàn àti kíndìnrín kò ní: tí wọ́n bá gé apá kan lára rẹ̀, á tún hù padà. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi lè gé nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọmọ, tí ẹ̀dọ̀ àwọn méjèèjì á sì tún dàgbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú ti Índíà, láti ara alààyè, láàárín ẹbí.

Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa kò ṣòro láti dárúkọ. Olórí wọn ni àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 rí i pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, ó lé ní 8 tó ń gbé kòkòrò yìí kiri. Ẹ wo àga 12 tó wà níwájú yín yẹn. Tí ìṣirò náà bá bá wa mu, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà lórí ọ̀kan nínú wọn, kó má sì mọ̀. Ó lè wà lára fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, láìsí ìrora kankan. Ọjọ́ tí ojú bá wá pọ́n bí epo, tí ìtọ̀ dúdú, tí ikùn wú, ẹ̀dọ̀ ti le, ó ti súnkì. Ìgbà yẹn la ó gbọ́ pé ilé ọkọ ló sà sí i. Ọtí náà ń ṣe tirẹ̀. Èbu orí ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn ò sá gbẹ dáadáa náà ń ṣe tirẹ̀; májèlé aflatoxin tó wà nínú èbu yẹn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tó ti ní mẹ́dọ̀wú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ dé bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Ní 1963, ní Denver lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ Thomas Starzl gbìyànjú láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọdé kan. Ọmọ náà kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ọdún 1967 ni ẹni tó kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé e ju ọdún kan lọ. Iṣẹ́ abẹ náà le gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kọ́ ni ohun tó ń pa àwọn aláìsàn níkẹyìn. Ara fúnra rẹ̀ ni kì í gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn. Mo mọ̀ pé ara yín á yá sí èyí, torí kò sí ẹ̀yà tó ń bí ìbejì bíi tiwa ní gbogbo ayé. Ní December 1954, ní Boston, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín lára Ronald Herrick fún Richard, ìkejì rẹ̀, ọmọ ẹyin kan ṣoṣo. Ara Richard ò bínú sí i rárá. Ọdún mẹ́jọ ló tún gbé láyé. Kí ó tó dìgbà yẹn, ní 1945, Ray Owen ti ṣàkíyèsí nǹkan kan lára ìbejì màlúù tí wọn kì í ṣe ti ẹyin kan. Nínú ìyá wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń wọnú ara wọn. Tí wọ́n bá sì dàgbà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ìkejì ṣì máa ń gbé inú ara ti àkọ́kọ́ ní àlàáfíà. Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. A kì í bí ìmọ̀ àlejò àti ará ilé mọ́ ara. Ńṣe ló máa ń kọ́ ọ. Peter Medawar àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló tẹ̀ lé e títí wọ́n fi fi eku hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, òun àti Macfarlane Burnet sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960.

Ẹ wo ajá ilé. Ajá tó gbọ́n mọ gbogbo ará ilé. Ọjọ́ tí ìyàwó tuntun bá wọlé, ajá yìí á gbó o, á fẹ́ bù ú jẹ, nítorí pé òórùn rẹ̀ ṣàjèjì. A lè fún ajá ní oògùn oorun láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyàwó á rí ilé gbé, àmọ́ olè náà á rí ilé wọ̀. Tàbí kí á wá bí ajá ṣe máa mọ òórùn ìyàwó yìí nìkan ṣoṣo, kó dákẹ́ fún un, kó sì máa gbó gbogbo àjèjì yòókù bó ṣe ń gbó wọn tẹ́lẹ̀. Ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ lónìí, ti oògùn oorun ni. Ìwòsàn sẹ́ẹ̀lì ni ìkejì.

Oògùn oorun náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, òun ló sọ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ di ìtọ́jú gidi. Cyclosporine ló kọ́kọ́ dé, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1983. Tacrolimus tẹ̀ lé e. Inú iyẹ̀pẹ̀ Tsukuba ní Japan ni wọ́n ti rí kòkòrò tó ń ṣe é ní 1984. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló gba ẹ̀dọ̀ tó tún fi ojú ara wọn rí ọmọ-ọmọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á wo bí ìgbésí ayé náà ṣe rí. Wákàtí 12 sí wákàtí 12 ni wọ́n sábà máa ń lo tacrolimus. Ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹni náà kò gbọdọ̀ tíì gbé ti àárọ̀ mì. Inú ìwé ni hóró oògùn á wà, nínú àpò ẹ̀wù, títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ tán, torí ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ kí oògùn mìíràn tó wọlé. Tó bá kéré jù, ara á kọ ẹ̀dọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, kíndìnrín á máa jẹ ìyà. Àárín méjèèjì kò fẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tó lè wọn ìyẹn ò sì sí ní gbogbo kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé, ìtọ̀ ṣúgà lè dé, oríṣi jẹjẹrẹ kan lè rí àyè, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ṣọ́ ilé ló ń tòògbé.

Ní ilẹ̀ wa, wàhálà mìíràn tún wà lórí èyí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì wà láàárín wa, oorun tí a fi kun àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sì ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń retí. Rifampicin, tó jẹ́ òpó pàtàkì nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú tacrolimus ká kíákíá, débi pé ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè di òfo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oògùn tí a fi ń wo ẹ̀yà ara kan ń já èkejì kulẹ̀. Erythromycin, tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, òdìkejì ló ń ṣe: ó ń gbé tacrolimus ga nínú ẹ̀jẹ̀. Ti àgbo ńkọ́? Mi ò wá bú eléwé ọmọ kankan, ìyá mi gan-an ń se àgbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohun tí dókítà rẹ̀ kò lè sọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Owó wá ńkọ́? Àwọn bàbá wa òṣómàáló tà láwìn yí ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n lóṣòó dúró títí owó fi pé. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ta tacrolimus láwìn. Bí náírà bá já lọ́sẹ̀ yìí, owó oògùn á ti gòkè kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti wọlé nìyí. Nínú mùdùnmúdùn eegun la ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun. Àwọn kan lára wọn, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, máa ń lọ sí ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn igbá àyà, thymus, láti lọ kọ́ ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ jà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ tó. Ní 1995, Shimon Sakaguchi ará Japan fi hàn pé ẹgbẹ́ kan tún wà láàárín sẹ́ẹ̀lì T tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà: tí ẹgbẹ́ ìyókù bá fẹ́ ya bo ará ilé, àwọn ló máa ń dá wọn lẹ́kun. Ní 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell rí jíìnì tí wọ́n ń pè ní Foxp3 lára eku tí ara rẹ̀ ń ba ara rẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà ló hàn pé jíìnì yẹn gan-an ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì di onípẹ̀tù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2025. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí, Treg ni mo máa pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní láàbù.

Tí ara bá ní onípẹ̀tù, ǹjẹ́ a ò lè mú wọn pọ̀ sí i kí wọ́n bá wa dáàbò bo ẹ̀dọ̀ àlejò? Satoru Todo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hokkaido gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun aláìsàn, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ti ẹni tó fi ẹ̀dọ̀ tọrẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán sọ ti olùtọrẹ di èyí tí kò lè pọ̀ sí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò nínú láàbù, kí wọ́n tó dá a padà sínú ara aláìsàn. Èèyàn 10 ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́yìn oṣù 6 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn wọn kù díẹ̀díẹ̀. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, èèyàn 7 ti gbé oògùn sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀dọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn 3 yòókù, ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀dọ̀ nígbà tí oògùn ń dínkù, wọ́n sì ní láti padà sídìí ẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló jẹ́ pé àìsàn tí ara fi ń bá ara jà ló ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ láti ilẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ohun tó ba ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ lè pinnu ohun tí èkejì máa rí.

Ní Pittsburgh, níbi tí Starzl fi parí iṣẹ́ rẹ̀, Angus Thomson àti Abhinav Humar gba ọ̀nà mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì ti olùtọrẹ ni wọ́n ń lò, oríṣi kan tó ń fi àmì ìdánimọ̀ han àwọn sẹ́ẹ̀lì T, dendritic lorúkọ wọn. Wọ́n á tọ́jú wọn nínú láàbù kí wọ́n má lè dá ìjà sílẹ̀, wọ́n á sì fún aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ kan kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Kí ìyàwó tó dé, òórùn rẹ̀ ti ṣíwájú dé.

Ti London náà wà. King's College Hospital, ní Denmark Hill, kò jìnnà sí Peckham níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ débi pé ẹ lè rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rà ní gbogbo òpópónà. Ibẹ̀ ni Alberto Sanchez-Fueyo àti àwọn tirẹ̀ ti fún èèyàn 9 tó ti gba ẹ̀dọ̀ ní Treg ti ara wọn. Wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2020 pé ara gbà á láìsí ewu ńlá. Ibi tí ìwádìí yẹn dé nìyẹn, kò tíì sọ pé ẹnì kan lè dá oògùn dúró. Ní San Francisco, wọ́n kan òkúta: lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀, àwọn Treg tó mọ olùtọrẹ gan-an ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì ṣòro láti rí iye tó tó mú dàgbà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí ti parí, ẹ ní kó lọ ka ti San Francisco.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé nínú àwọn tí wọ́n yàn dáadáa lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí ẹnì kan nínú 5 ló lè fi oògùn sílẹ̀ láìgba sẹ́ẹ̀lì kankan, torí ẹ̀dọ̀ ní sùúrù ju kíndìnrín lọ. Ìyẹn la gbọ́dọ̀ fi díwọ̀n èsì gbogbo ìwòsàn sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ní òun wo èèyàn kan sàn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún ló fúnra rẹ̀ wo ara rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí kì í sábà wọ inú ìròyìn. Ilé iṣẹ́ Quell Therapeutics ní London ń dán Treg kan wò tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe, QEL-001. Ohun tí wọ́n kọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí láti dá mọ̀ ni àmì kan tó ń jẹ́ HLA-A2. Tí ẹ̀dọ̀ olùtọrẹ bá ní A2, tí aláìsàn kò ní, sẹ́ẹ̀lì á mọ ibi tó ń lọ. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ A2 pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù, ó súnmọ́ ìdajì wọn. Ó kéré sí i láàárín àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìdílé Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fún àbúrò ní ẹ̀dọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà ìwòsàn yẹn kí kọ́kọ́rọ́ má bá a mu. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ìkà ṣe é; ibi tí àwọn aláìsàn wọn wà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ayé ń ya àwòrán jíìnì ọmọ ènìyàn nínú iṣẹ́ HapMap, Yorùbá Ìbàdàn wà nínú ẹ̀yà tó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30, èèyàn 90. YRI ni wọ́n ń pè wá títí dòní ní gbogbo láàbù àgbáyé. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wà níbi ìmọ̀ náà fún ogún ọdún ó lé. A ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìwòsàn tó mọ àmì tiwa, ìbéèrè yẹn sì rọrùn jù fún àwọn dókítà ọmọ wa tó wà ní London àti Pittsburgh láti gbé dìde.

Ẹni tó bá ní Ìjẹ̀ṣà kò ní ohun tó fẹ́ bá irú ìwádìí báyìí ṣe, ẹ mú un lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti 1956 ni dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sìpítù Wesley Guild ní Iléṣà nígbà náà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti dá ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ lóṣù lóṣù, tí ìyá ń gbé káàdì ọmọ lọ sílé. Káàdì tí gbogbo ìyá ní ayé ń gbé lọ sí ọ̀sìpítù lónìí, ibẹ̀ ló ti fìdí múlẹ̀. Morley náà wà lára àwọn tó dán àjẹsára èéyi wò lára ọmọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí ọ̀pọ̀ ìlú tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ló gbé ọmọ kalẹ̀. Wesley Guild wà lábẹ́ OAUTHC, ọ̀sìpítù ńlá Ilé-Ifẹ̀, báyìí, Ilé-Ifẹ̀ sì ti ń pààrọ̀ kíndìnrín láti 2002, ọdún méjì lẹ́yìn tí ọ̀sìpítù St. Nicholas ní Èkó ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Treg tí à ń sọ, wọ́n ti ń dán an wò lára àwọn tó gba kíndìnrín náà ní Yúróòpù. Ìyẹn ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń gbé láàárín Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo, wọ́n sì ní fáìlì ní ọ̀sìpítù tiwa. Kí á tó sọ̀rọ̀ láàbù tí yóò tọ́ sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tó máa nílò iná tí kì í kú lọ́sàn-án àti lóru, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú ni àyẹ̀wò tacrolimus tí èsì rẹ̀ máa jáde lọ́jọ́ kan náà, àyẹ̀wò àmì HLA, àti ìwé kan tí orúkọ gbogbo ẹni tó gba ẹ̀yà ara wà nínú ẹ̀, kí oògùn wọn lè wọ inú owó ìlera ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin aṣòfin tó wà níbí gbé lọ sílé.

Èyí tó kéré jù lówó ló kù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, tó ti wà nínú ètò ìjọba láti 2004, ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì àjẹsára náà ni. Òdìkejì ohun tí Treg ń ṣe ló ń ṣe: ó ń kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ní ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Tí kòkòrò yẹn bá wọ ọmọ ọwọ́ lára láti ara ìyá nígbà ìbí, ó lè tó 90 nínú 100 tí kò ní lọ mọ́. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló kó o, kò ju bíi 5 nínú 100 lọ tí yóò dúró sí lára. Nítorí náà ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fi gbọdọ̀ wọ itan ọmọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tí wọ́n bí sílé agbẹ̀bí ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ Ajé, ó ti pẹ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń ní kí ọmọ má jáde títí di ọjọ́ ìkómọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín, mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀dọ̀ tí ara ń kọ̀ kì í dun ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ló máa ń kọ́kọ́ pariwo. Bí ẹnì kan bá sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé òun ń ta abẹ́rẹ́ "stem cell" tó ń mú ẹ̀dọ̀ jí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì ta ni? Láàbù wo ló tọ́ ọ dàgbà? Ìgbìmọ̀ ìwádìí wo ló fọwọ́ sí i? Àwọn tó ń ṣe ojúlówó iṣẹ́ náà ní Hokkaido, Pittsburgh àti London kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn láti wọ inú ìwádìí wọn. Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín kí ó tó dáhùn, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́.

Wọ́n ní ààbọ̀ wákàtí wà fún ìbéèrè. Ìyá tó na ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ erythromycin, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mà.